Òórùn Àgbọn Lára Igi

Ìró ṣọ́bìrì ló jí Keely Rudge ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé náà. Ó kọ́kọ́ rò pé àwọn tó ń tún páìpù omi ṣe ni. Nígbà tó fi máa bọ́jú tán, tó sì fa aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ méjì ti ri òpó mọ́lẹ̀ ní òdìkejì títì, wọ́n sì ti kan pátákó gbàǹgbà kan mọ́ ọn. Lẹ́tà pupa ló wà lára rẹ̀: WỌ́N FI OÒGÙN PA ÀWỌN IGI YÌÍ. ẸNI TÓ BÁ MỌ NǸKAN NÍPA RẸ̀, KÓ WÁ SỌ.

Igi báńkísíà mẹ́rin ló wà lẹ́yìn pátákó náà, lórí ilẹ̀ ìjọba tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sí etí òkun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, ewé wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀. Báyìí wọ́n ti gbẹ, wọ́n rí bí ewé tíì tó kù sí ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀pù.

Kò sí ọmọ ìlú Corran Bay tí pátákó bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí. Igi tó bá dí òkun mọ́ ilé kan lójú, tó wá ṣàdédé kú, ìlú kì í gbà pé ikú Ọlọ́run ló pa á. Wọn á béèrè pé ta ni igi ọ̀hún dí lójú, ẹni yẹn náà ni gbogbo ojú á sì máa wò. Lẹ́yìn náà, ìjọba á gbé kọ̀nténà ńlá kan wá dí òkun níbi tí igi wà, kí ẹni tó pa á má baà jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ti gbé ọ̀kan sí òpópónà Pelican lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ó ṣì jókòó síbẹ̀, ó ti dógùn-ún.

Ilé méjì péré ló wà lẹ́yìn igi mẹ́rin yìí. Àkọ́kọ́ ni ilé pẹlẹbẹ tí Keely ń gbé pẹ̀lú bàbá àgbà rẹ̀ àti ìyá àgbà rẹ̀ tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀. Ìkejì ni ilé alájà kan tí Ọ̀gbẹ́ni Carmelo Vassallo rà ní oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tó kó wá láti ìlú ńlá. Òun nìkan ló ń gbébẹ̀. Kì í lúwẹ̀ẹ́, kì í fi pátákó gun ìgbì òkun, kì í bá wọn mutí ní gbọ̀ngàn àwọn adóòlà tó ń yọ ẹni tó bá fẹ́ rì sókun. Ọsàn wẹ́wẹ́ tó gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń bá sọ̀rọ̀.

Ta ló máa fura sí Alwyn Rudge, bàbá àgbà Keely? Òun àti ìyàwó rẹ̀, Noreen, ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbin àwọn igi náà ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ìjì fẹ́ẹ́ gbá etí òkun lọ. Ìdajì àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ nílùú, òun ló kọ́ wọn. Nítorí náà, kí agogo mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, àwọn tó dúró ra búrẹ́dì ti dájọ́ tán. Àlejò ni. Kí ló tún kù?

Keely náà gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Ọ̀gbẹ́ni Vassallo láti ojú fèrèsé yàrá ìdáná. Bí ọkùnrin náà bá gbé àpò wọlé, Keely á fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá pa ilẹ̀kùn dé, á ní kí ló ń fi pamọ́? Bẹ́ẹ̀ ni ìfura ṣe rí. Tó bá ti wọ èèyàn lójú, kò sí ohun tí ẹnìkejì ṣe tí kò ní jọ iṣẹ́ ibi.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó jáde ní kùtùkùtù láti fa agolo ìdọ̀tí wọlé. Òtútù oṣù keje, tí í ṣe ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wọn, mú un dé eegun. Ó gbójú sókè, ó sì rí Ọ̀gbẹ́ni Vassallo lórí ìkúnlẹ̀ nídìí igi tó wà ní ìkangun. Kéègì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá da omi inú kéègì sí ìdí igi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó ta sílẹ̀. Omi náà dúdú kirikiri.

Keely fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán mẹ́ta.

Kò gbé e jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Imogen Tate, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ fi hàn. Àbúrò bàbá Imogen ló ń bójú tó ojúewé ìlú lórí ayélujára, níbi tí gbogbo Corran Bay ti ń ta ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ti ń wá ajá tó sọnù, tí wọ́n sì ti ń bú ara wọn.

"Kí lo wá ń dúró dè?" ni Imogen wí. "Àbí o fẹ́ kó pa èyí tó kù?"

"Tí kì í bá ṣe òun ńkọ́?"

"Ó kúnlẹ̀ nídìí igi láàárọ̀ kùtù, ó ń da omi dúdú sí i. Ṣé ọbẹ̀ ló ń bù fún un ni?"

Ẹ̀rín pa Keely. Ẹ̀rín náà ló jẹ́ kó rọrùn. Imogen tún fi kún un pé ẹni tó bá rí olè tí kò pariwo, òun àti olè náà kò yàtọ̀, àti pé ó ti pẹ́ tí Keely ti ń ṣojo, títí kan ọjọ́ tí wọ́n ní kí ó sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì. Èyí dun Keely ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gbé àwòrán náà sójúewé ìlú, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ wo aládùúgbò wa bó ṣe ń fún igi lóúnjẹ."

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún èèyàn tó ti sọ̀rọ̀ sí i. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Keely fi í han bàbá àgbà nídìí oúnjẹ. Bàbá wo fóònù náà títí, ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó sì jáde lọ sí ilé irinṣẹ́ rẹ̀. Keely rò pé inú ló ń bí i sí Vassallo.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìlú fi ojú Ọ̀gbẹ́ni Vassallo gbolẹ̀. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì kò dá a lóhùn mọ́, ó kàn ń na ọwọ́ gba owó ni. Ẹnìkan kó orí edé tó ti jẹrà sínú àpótí lẹ́tà rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó fi sí oòrùn. Wọ́n tún kó òmíràn sí i. Síbẹ̀, bó bá rí Keely lójú ọ̀nà ilé ìwé, á ṣí fìlà, á ní, "Ọmọ Rudge, ara Màmá Àgbà ńkọ́ lónìí?" Keely á ní ara wọn ń le, á sì yára kọjá.

Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀, ó bá ọkùnrin náà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n nínú ọgbà rẹ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ti fi àdá ṣá igi ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ̀ balẹ̀. Ó ń ṣa àwọn èso tí kò tíì pọ́n sínú fìlà rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń nù wọ́n mọ́ ṣòkòtò. Kò sunkún. Ìbá sàn kó sunkún.

Lẹ́yìn ilé ìwé lọ́jọ́ náà, Keely rékọjá títì lọ sídìí àwọn igi. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀rí sí i lòun ń wá. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, ó fẹ́ rí ohun tó máa sọ fún un pé òun gan-an kò ṣẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítòsí ilẹ̀, lára igi kọ̀ọ̀kan, ihò róbótó mẹ́ta mẹ́ta ló wà, tí wọ́n fi dírìlì lu, tí wọ́n sì fi nǹkan funfun dí lẹ́nu. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti họ díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ. Keely fi èékánná họ ìyókù, ó sì gbé e sí imú.

Òórùn àgbọn ni.

Ó jókòó sílẹ̀ lórí iyanrìn. Gbogbo ẹni tó ń gun ìgbì ní Corran Bay ló ń fi ìda ra pátákó tó ń dúró lé kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń rà á. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń se tirẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú agolo bisikíìtì àtijọ́, tí ń da òróró àgbọn pọ̀ mọ́ ìda oyin. Láti ìgbà tí Keely ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta ló ti mọ òórùn náà, lára ẹ̀wù, lára ìjókòó ọkọ̀, ní àtẹ́lẹwọ́ tó dì í mú kí ìgbì má baà gbé e lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ilé tó dàgbà sí di ilé àjèjì sí i. Bàbá àgbà ń bu ọbẹ̀ fún Màmá Àgbà, Keely ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bàbá àgbà ń rẹ́rìn-ín, Keely ń ka ẹ̀rín. Ó rántí pé oṣù karùn-ún ni bàbá yí bẹ́ẹ̀dì Màmá Àgbà pa dà, tó fi dojú kọ fèrèsé. Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà yẹn? Ní ọjọ́ kejì, ó yọ́ wọ ilé irinṣẹ́. Irin ẹnu dírìlì tó nípọn jù wà nísàlẹ̀ àpótí, wọ́n fi àkísà wé e. Ìyẹ̀fun pupa ṣì há sí àárín rẹ̀. Igi báńkísíà nìkan ni inú rẹ̀ ń pọ́n báyẹn ní agbègbè wọn.

Ibẹ̀ náà ni bàbá àgbà ti bá a.

"Ẹ gbóòórùn èyí fún mi, Bàbá Àgbà," ni Keely wí, ó sì fi ìda kékeré náà sí i ní àtẹ́lẹwọ́.

Bàbá kò gbé e sí imú. Ó fi ìka rọra tẹ̀ ẹ́. "Níbo lo ti rí i?"

"Ẹ̀yin náà mọ ibẹ̀."

Ọkùnrin arúgbó náà dojú korobá kan délẹ̀, ó jókòó lé e. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò wo ojú ọmọ. Ó ní Keely kò lè rántí bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà òtútù kí igi tó ga, tí ń ka àwọn àbùùbùtán, ẹran ńláńlá inú òkun, bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ sí àríwá, tí ń kọ iye wọn sí ara kàlẹ́ńdà. Ó ní láti ìgbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ òun. Ọjọ́ kan ṣoṣo, nínú oṣù karùn-ún, ló yíjú sí fèrèsé tó ní, "Alwyn, àwọn àbùùbùtán á ti máa kọjá o."

"Igi tí mo gbìn ló dí i lójú," ni bàbá wí. "Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Ọ̀gbẹ́ni Vassallo ńkọ́?"

"Mo rò pé ariwo á rọlẹ̀."

"Wọ́n gé igi ọsàn rẹ̀, Bàbá Àgbà."

"Mo mọ̀." Ó di ìda náà mọ́ ọwọ́. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo gbé àwòrán rẹ̀ síta."

Ọ̀rọ̀ náà gún àwọn méjèèjì. Bàbá fẹ́ kó o pa dà, kò ṣeé kó. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀ ẹ́. Àgbàlagbà tí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí bẹ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní dókítà sọ pé kò ní pẹ́ mọ́ tí ìyá àgbà á fi dágbére fáyé. Kí Keely jẹ́ kó lọ ní àlàáfíà ná, láìgbọ́ pé ọkọ òun di ẹni ẹ̀tẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, òun á lọ sọ gbogbo rẹ̀.

Keely kò sùn dáadáa. Bó bá dákẹ́, aláìṣẹ̀ á máa jìyà níwájú ilé wọn lójoojúmọ́, nítorí ọwọ́ òun. Bó bá sọ̀rọ̀, bàbá tó wò ó dàgbà á di ẹni ẹ̀sín, ìyá àgbà á sì gbọ́ ọ lórí àkéte ikú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá bàbá nídìí tíì.

"Ẹrù yín, ẹ̀yin lẹ ni ín," ló wí. "Èmi ò ní bá yín gbé e síta. Ṣùgbọ́n mo ní tèmi. Màá lọ kó tèmi lónìí."

Ọ̀gbẹ́ni Vassallo ń fi àkísà di kùkùté igi ọsàn rẹ̀ nígbà tí Keely wọ inú ọgbà. Keely kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé òun lòun ya àwòrán náà.

"Mo mọ̀. Mo rí ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo ìdọ̀tí."

"Omi dúdú yẹn, kí ni, sà?"

"Èédú. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi. Ó máa ń fa oògùn mu nínú ilẹ̀, bí a bá tètè dà á. Bàbá mi fi gba igi ólífì méjì là nílé wa ní Málítà. Ìjọba ò ní jẹ́ kí a fọwọ́ kan igi wọn láìgbàṣẹ, ìyẹn ni mo ṣe ń wo ọ̀tún wo òsì."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

Ọkùnrin náà tú àkísà tó ti so, ó tún un so. "Ta ló bi mí?"

Keely ronú kan gbogbo ọ̀ọ́dúnrún èèyàn náà. Lóòótọ́, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó kan ilẹ̀kùn ọkùnrin yìí.

"Ẹ mọ ẹni tó ṣe é?" ló béèrè.

Ọ̀gbẹ́ni Vassallo wo apá ilé pẹlẹbẹ náà, ó sì gbé ojú kúrò níbẹ̀ kíákíá. "Èmi náà nímú," ló wí. "Mo fura. Ṣùgbọ́n ìfura ò tíì di ẹ̀rí. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tó wá jẹ́ pé mo ṣì í ńkọ́? Igi lè hù pa dà, ọmọ mi. Orúkọ èèyàn kì í tètè hù."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Keely yọ àwòrán kúrò, ó sì kọ òmíràn síbẹ̀. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ ní kíkún. Ó ní òun rí ọkùnrin kan tó ń da omi sí ìdí igi, òun kò béèrè ohun tí omi náà jẹ́, òun sì fi í ṣe ẹlẹ́yà fún gbogbo ìlú. Ó ní omi èédú ni, ó ń wá ọ̀nà láti gba igi là ni. Kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Imogen kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan ní Vassallo ló fún un lówó. Àwọn tó kù béèrè èyí tó yẹ kí wọ́n béèrè: bí kì í bá ṣe òun, ta wá ni?

Bàbá àgbà ka gbogbo rẹ̀ nídìí tábìlì. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Kò gun ọkọ̀. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn èèyàn rí ibi tí òun ń lọ.

Ṣùgbọ́n kó tó jáde, ó wọlé lọ bá ìyàwó rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì jẹ́wọ́. Keely dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbà gbọ́ ọ títí dé òpin, ojú rẹ̀ wà níbi fèrèsé.

"Alwyn," ló wí, "ta ló ní kí o pa wọ́n?"

"O ní àwọn àbùùbùtán ń kọjá."

"Mo ní wọ́n á ti máa kọjá. Mi ò ní mo fẹ́ rí wọn. Olórí kunkun, ojú mi ò ríran kọjá etí bẹ́ẹ̀dì yìí láti ọdún tó kọjá, mi ò kàn fẹ́ dẹ́rù bà yín ni." Ó sinmi, ó mí. "Àwọn ẹyẹ orí igi yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Láti ìgbà tí wọn ò ti ké mọ́, mo rò pé etí mi náà ti lọ."

Bàbá àgbà gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Keely gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Nínú oṣù kẹjọ, wọ́n gé igi mẹ́ta, wọ́n sì gbé kọ̀nténà wá. Ó dí fèrèsé Màmá Àgbà pátápátá, òkun kò yọjú mọ́. Ẹgbẹ́ tó ń gbin igi sétí òkun yọ orúkọ Alwyn Rudge kúrò nínú ìwé wọn. Ilé ẹjọ́ ní kó máa gbin igi fún ìjọba ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta fún ọdún kan gbáko, níṣojú àwọn ọmọ tó kọ́ ní ìwẹ̀. Àwọn kan kò kí i mọ́ títí di òní. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì fi páì ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Vassallo, nítorí ojú ń tì í láti gbé e lọ fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà jẹ páì, ó fọ àwo, ó sì dá a pa dà pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ méjì tó ti kéré jù láti pọ́n.

Igi kẹrin, èyí tó wà ní ìkangun, wọn kò gé e. Òun ni Ọ̀gbẹ́ni Vassallo kọ́kọ́ da omi èédú sí. Òun àti Keely ń da omi náà sí i nìṣó, pẹ̀lú àṣẹ ìjọba báyìí, ní ojú gbogbo èèyàn. Nígbà tí òtútù lọ tán, nínú oṣù kẹwàá, ewé tuntun yọ nídìí igi náà, ó pọ́n, ó rọ̀ bí etí ọmọ ológbò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹyẹ kan bà lé orí rẹ̀, ó sì han gooro bí ẹni tó ń bá aládùúgbò jà.

Màmá Àgbà ṣí ojú. "Ilẹ̀ ti mọ́ nìyẹn," ló wí.

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oògùn tí a fi ń ṣọ́ ara ẹni ni, kì í ṣe èyí tí a fi ń pa ẹlòmíràn. Bàbá àgbà kò béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, igi mẹ́ta ló bá a lọ. Keely kò béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé orúkọ èèyàn lulẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìwọ tí ò ń ka ìtàn yìí, bí o bá rí ohun tó rú ọ lójú, kí o tó na ọwọ́ sí fóònù, kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn.